Ìdí Ìbọn Tó Ń Mì

Ohun tó bá ń mì, mi ò lè fojú fò ó. Bí mo bá wọ ilé ẹni tí tábìlì rẹ̀ ń mì, mi ò ní gbádùn oúnjẹ ibẹ̀ títí n óo fi wá páálí ká sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìyàwó mi ní àìsàn ni. Mo ní iṣẹ́ ọwọ́ mi ni. Káfíńtà ni mí, Ìsìkàn ní Àkúrẹ́ ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, ara ilé tí à ń gbé gan-an ló fara tì. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń bínú sí àwọn tó ń fi rọ́bà di ohun tó yẹ kí wọ́n fi igi àti súkúrù tún ṣe.

Nítorí náà, nígbà tí bàbá ìyàwó mi gbé ìbọn rẹ̀ lé mi lọ́wọ́ láàárọ̀ Ọjọ́rú kan, tí mo rí i pé rọ́bà táyà ló fi we ìdí rẹ̀, inú ti ń bí mi kí n tó kí i tán. Mo dọ̀bálẹ̀ ná o. Àna ni àna ń jẹ́.

Oǹdó ni Bàbá ń gbé. Hẹdimásítà ni kó tó fẹ̀yìntì, ìyàwó rẹ̀ ti ṣaláìsí, òun nìkan ló kù nínú ilé. Oko kòkó rẹ̀ kò jìnnà, òyà àti ọ̀kẹ́rẹ́ ló sì ń fi ìbọn náà lé níbẹ̀. Ó ní ìwé àṣẹ rẹ̀, inú Bíbélì ló ń tọ́jú rẹ̀ sí. Ìbọn ẹlẹ́nu kan ni, ọta kan ṣoṣo ló ń gbà lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ kì í ṣe ti àtijọ́. Ẹni tó tà á fún un ti pààrọ̀ rẹ̀ sí irú èyí tí ènìyàn lè fà kó gùn tàbí kó tì kó kúrú, kó lè bá èjìká rẹ̀ mu, kó wá fi súkúrù olórí ńlá kan há a mọ́ ibi tó bá fẹ́. Súkúrù yẹn ni kò há mọ́. Mo gbá ìdí ìbọn náà mú, ó ń mì bí eyín ọmọdé tó fẹ́ yọ.

"Káfíńtà wa," Bàbá wí, "bá mi wo nǹkan yìí. Ó ti ń dójú tì mí."

Àyẹ̀wò àwọn tó ti fẹ̀yìntì ló bá wá sí Àkúrẹ́. Aládùúgbò rẹ̀ kan ló fi mọ́tò gbé e, ẹni yẹn sì ń dúró dè é lójú títì. Ó ní bí òun bá ti ṣe tán lọ́hùn-ún, Oǹdó tààrà ni, kí àwa gbé ìbọn náà wá fún òun ní Sátidé. Bó ṣe fẹ́ yí padà, ó fi ọwọ́ ọ̀tún gbá àpò dàńṣíkí búlúù tó wọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì.

"Mo ti yọ ọ́," ó wí.

Ọta ló ń sọ. Mo mọ àpò yẹn, mo sì mọ bó ṣe ń gbá a. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo lọ sí Oǹdó láti fojú han àwọn òbí ìyàwó mi, mo ti jókòó ti iyán nígbà tí Bàbá dé láti oko. Kò wọlé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ṣí ìbọn náà ní agbedeméjì lójú mi, ó yọ ọta inú rẹ̀, ó sọ ọ́ sínú àpò ọ̀tún, ó sì gbá àpò náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Ìbọn kì í bá ọta wọlé. Ẹ máa jẹun yín lọ." Èmi tí mo ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń gbé òkèlè mì, mo rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà náà, mi ò rí i kó wọ ilé kankan láì gbá àpò yẹn, bí àwọn mìíràn ṣe ń nu ẹsẹ̀ kí wọ́n tó wọlé.

Ta ló máa wá ṣí ìbọn irú ẹni bẹ́ẹ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò? Ẹnu àgbà ni obì ti ń gbó. Òótọ́ ni pé nígbà tó lọ tán, mo fi àtàǹpàkò kan irin kékeré tí wọ́n fi ń ṣí i. Ìyàwó mi ń kọjá lọ pẹ̀lú igbá ẹ̀gúsí. Ó wò mí.

"Bàbá ní àwọn ti yọ ọ́ ná," ó wí.

Kò bínú, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀. Mo gbé ọwọ́ mi kúrò bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀. Mo há ìbọn náà mọ́ fáìsì tó máa ń bá mi di igi mú lórí pẹpẹ iṣẹ́, mo kọ ìdí rẹ̀ sí ara mi, mo kọ ẹnu rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà. Ẹnu ọ̀nà yẹn ni atẹ́gùn ti ń wọlé. Ibẹ̀ ni ìyàwó mi gbé àpótí sí, tó jókòó, tó ń bó ẹ̀gúsí rẹ̀.

Mo gé rọ́bà náà dànù. Lábẹ́ rẹ̀ ni mo ti bá páálí ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n ká bọ inú ihò súkúrù. Mo ní kí ìyàwó mi wá wo iṣẹ́ hẹdimásítà. Súkúrù náà ti jẹ ihò rẹ̀ tóbi, kò rí ibi dì mú mọ́, ìpẹtà sì ti mú un dé ibi pé kò fẹ́ jáde. Mo fi òòlù lù ú. Mo tún lù ú. Mo bú u. Mo gun orí pẹpẹ iṣẹ́, mo fi orúnkún tẹ ìbọn náà mọ́lẹ̀, mo lù ú títí tó fi jáde. Gbogbo ara ìbọn ń gbọ̀n, ìyàwó mi ń rẹ́rìn-ín mi lẹ́nu ọ̀nà, ó ní ṣé mo fẹ́ jagun ni.

Lẹ́yìn náà mo lọ sí Arákálẹ̀ láti ra súkúrù tó sanra jù ú lọ. Mo fi ìbọn náà sílẹ̀ nínú fáìsì bó ṣe wà. Mo pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀, nítorí mo bá ọ̀rẹ́ kan pàdé.

Nígbà tí mo dé, mo gé ìrókò kékeré lára èyí tó ṣẹ́kù níbi kọ́bọ́ọ̀dù oníbàárà mi kan ní Ìjàpọ̀. Mo fá a títí tó fi bá ihò náà mu, mo fi gọ́ọ̀mù sí i, mo gbá a wọlé. Nígbà tó gbẹ, mo lu ihò tuntun. Mo gé awọ lára bàtà àtijọ́ kan, mo fi tẹ́ ibi tí ìdí ìbọn ti ń wọ inú ara rẹ̀, kó má bàa tún máa jó. Mo fa ìdí náà, mo tì í, mo há súkúrù tuntun. Kò mì. Mo fi gbogbo agbára fà á, kò mì. Inú mi dùn bí ẹni tó kọ́lé.

"Uṣẹ́ parí," mo wí. Ìyàwó mi máa ń fi èdè Àkúrẹ́ mi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó sọ ọ́ tẹ̀lé mi, ó sì gbé ẹ̀gúsí rẹ̀ wọlé lọ síbi oúnjẹ.

Ìgbà tí mo ń fi sánńdípépà ra ibi tí igi tuntun náà ti yọ síta ni mo wá rí ìsàlẹ̀ ìdí ìbọn náà dáadáa. Rọ́bà dúdú tó yẹ kó máa gba èjìká ti jẹ lápá kan. Eérú sìmẹ́ńtì wà lára rẹ̀, ẹrẹ̀ pupa wà níbẹ̀. Èjìká kì í jẹ nǹkan báyìí. Mo ti tún ẹsẹ̀ àga tó pọ̀ ṣe láyé mi, mo mọ ohun tó ń rìn nílẹ̀ bí mo bá rí i. Bàbá ń fi ìbọn ṣe ọ̀pá. Bàbá tí a rọ̀ títí pé kó gba ọ̀pá, tó ní àwọn arúgbó ló ń lo ọ̀pá! Ìdí tí ìdí ìbọn náà fi ń mì nìyẹn: ó ti ń gbé ara rẹ̀ lé e. Mo pariwo ọ̀rọ̀ náà sí ìyàwó mi láti ṣọ́ọ̀bù. Mo gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ láti ilé ìdáná. Èmi náà rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi.

Ó kù kí n fẹ́ ẹ̀rún igi inú rẹ̀ dànù, nítorí a kì í dá nǹkan àgbà padà ní ìdọ̀tí. Mo tú u kúrò nínú fáìsì, mo gbé e lé itan, mo tẹ irin kékeré náà, ìbọn ṣí.

Ìdí ọta ni mo rí. Irin rẹ̀ mọ́ roro. Mo fi èékánná fà á, ó yọ́ jáde sí àtẹ́lẹwọ́ mi, pupa, tuntun, ọta tí ẹnikẹ́ni kò tíì yìn.

Mo bá ara mi lórí ẹ̀rún pákó nílẹ̀, ọta náà lọ́wọ́ kan, ìbọn lọ́wọ́ kejì, mo sì ń ka òòlù. Òòlù mélòó ni mo lù? Mo fi orúnkún tẹ̀ ẹ́. Mo fi í sílẹ̀ lọ sí Arákálẹ̀, mo dúró ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù.

Ìyàwó mi ló jáde wá pẹ̀lú omi tó fẹ́ kí n mu. Mo na ọwọ́ sí i, mo ṣí àtẹ́lẹwọ́ mi kó rí ọta náà. Ó gbé ife omi náà sílẹ̀, ó lọ sí ẹnu ọ̀nà, ó jókòó padà sórí àpótí rẹ̀, ó gbójú sókè wo fáìsì tó ti ṣófo. Ó pẹ́ tó fi ń wò ó.

"Àyà mi gan-an ni," ó wí.

Mo ní kó dákẹ́. Àwọn èèpo ẹ̀gúsí rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀ níbẹ̀ yí ẹsẹ̀ rẹ̀ ká, mi ò sì lè wò wọ́n. Wọ́n ní ikú tó fẹ́ pani, tó bá ṣíni ní fìlà, ká máa dúpẹ́. Mo gbìyànjú láti dúpẹ́ ní ọjọ́ yẹn, ṣùgbọ́n ìbínú ló ń jáde. Ara mi ni mo ń bínú sí, ara mi àti ọ̀wọ̀. Ọ̀wọ̀ tí mi ò fi ṣí ìbọn yẹn, òun ni ìbá sọ mí di ẹni tó pa ìyàwó ara rẹ̀.

Nígbà tí ìyàwó mi tún máa sọ̀rọ̀, ohun tó sọ ni pé kí n má jẹ́ kí Bàbá gbọ́.

"Ìtìjú ni yóò pa wọ́n," ó wí. "Ẹ jọ̀ọ́, Dádì àwọn ọmọ. Ẹ jẹ́ ká sọ pé iṣẹ́ kò tíì parí. Ká máa sọ bẹ́ẹ̀ títí."

"Bàbá rẹ ń fi í ṣe ọ̀pá," mo wí. "Àtẹ́lẹwọ́ wọn ni wọ́n ń gbé lé ẹnu rẹ̀ bí wọ́n bá ń rìn nínú ilé. Ọta wà nínú rẹ̀."

A ti rẹ́rìn-ín sí i ní ìṣẹ́jú díẹ̀ sẹ́yìn. Òun náà rántí, mo rí i lójú rẹ̀. Síbẹ̀ a fẹnu kò sí irọ́ náà, nítorí kò sí èyí nínú àwa méjèèjì tó mọ bí wọ́n ṣe ń sọ òótọ́ irú rẹ̀ fún irú Bàbá.

Láàárín Ọjọ́rú sí Sátidé, mi ò ṣe iṣẹ́ gidi kan. Bí mo bá gbé òòlù, ọwọ́ mi á dúró lókè. Mo gé ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù ti Ìjàpọ̀ kúrú, èmi tí mo máa ń wọn igi lẹ́ẹ̀mẹta. Lójijì, lórí oúnjẹ, ìyàwó mi á fi ọwọ́ kan àyà rẹ̀, á sì tún máa jẹun lọ.

Ní Sátidé, a gbé ìbọn náà sí búùtù mọ́tò, ó ṣófo, mo we e sínú kọ́tìnì àtijọ́. Mo di ọta náà sínú áńkáṣíìfù, mo fi sí àpò àyà mi. A dé Oǹdó kí oòrùn tó gbóná. Bàbá wà lórí àga ní fàráńdà. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni ògiri tó wà lẹ́yìn rẹ̀: láti ẹnu ọ̀nà títí dé ibi àga náà, ìdọ̀tí ọwọ́ ti tò lára ọ̀dà funfun. Ògiri ló ti ń dì mú rìn láti ìgbà tí ìbọn kò sí nílé.

Ó kí wa, ó súre fún wa, ó béèrè àwọn ọmọ. Tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ wà lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń fi ìka tẹ̀ ẹ́, tẹ̀ ẹ́.

"Kò tàn mọ́ láti Ọjọ́rú," ó wí. "Bátìrì tuntun ni mo fi sí i. Wọn kò ṣe nǹkan gidi mọ́ láyé yìí. Ìbọn mi dà?"

Mo la ẹnu láti pa irọ́ tí a ti kọ́ bọ̀ láti Àkúrẹ́. Bàbá ń wò mí gẹ́gẹ́ bí hẹdimásítà ṣe ń wo ọmọ tó pẹ́ dé ilé-ìwé. Irọ́ náà kò jáde. Mo lọ sí búùtù, mo gbé ìbọn rẹ̀ wá. Ìyàwó mi gbé ojú kúrò lára mi.

Bàbá gba ìbọn náà, ó fa ìdí rẹ̀, ó mì í. "Kò mì mọ́," ó wí, inú rẹ̀ dùn gan-an. "O káre." Ó gbé ìdí ìbọn náà kalẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, ó fi àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún bo ẹnu rẹ̀, ó sì gbé gbogbo ara rẹ̀ lé e láti dìde. Ẹnu ìbọn wà lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ bó ṣe tẹ̀ síwájú. Mo mọ̀ pé ó ṣófo. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa.

"Ẹ gbé ọwọ́ yín kúrò níbẹ̀," mo wí. Mo pariwo ni. Mi ò gbé ohùn sókè sí àna mi rí láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ọmọ rẹ̀.

Bàbá jókòó padà. Ó ń wò mí, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ lórí fàráńdà, àyà mi kan sìmẹ́ńtì, ibẹ̀ ni mo ti sọ ọ́: pé ọta wà nínú ìbọn nígbà tí wọ́n gbé e fún mi.

"Mo yọ ọ́," Bàbá wí. Ohùn rẹ̀ kò le, ó dá a lójú ni. Ó fi ọwọ́ gbá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, níbi tí kò ti sí àpò, nítorí síńgílẹ́ẹ̀tì ló wọ̀. "Mo rántí. Orí tábìlì yàrá ni mo ti yọ ọ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tọ́ọ̀ṣì mi. Mo sì fi sínú àpò." Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Lọ bá mi mú dàńṣíkí búlúù yẹn wá. Ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mi ò tíì wọ̀ ọ́ láti ìgbà yẹn."

Ìyàwó mi mú un wá. Orí ìdọ̀bálẹ̀ ni mo ṣì wà. Ó ki ọwọ́ bọ àpò ọ̀tún, mo sì rí i tí ojú rẹ̀ yí padà. Nǹkan kan wà níbẹ̀. Mo rí orí rẹ̀ tó yọ láàárín ìka rẹ̀, ó rí roboto, ó pọ́n. Mo ní, mo gbé! Mo ti pe àgbà ní òpùrọ́ nínú ilé rẹ̀, lójú ọmọ rẹ̀.

Ìyàwó mi gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ Bàbá. Bátìrì tọ́ọ̀ṣì ni.

Mo dìde sórí orúnkún, mo tú áńkáṣíìfù mi, mo gbé ọta náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí àpótí. Pupa ni àwọn méjèèjì, gígùn wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Bàbá fi ìka kan ọ̀kan, ó fi ìka kan èkejì. Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin tó kọ́ ìdajì àdúgbò yẹn ní ìwé kíkà ń fi ìka yẹ nǹkan méjì wò lórí àpótí, kò sì yára mọ èyí tí í ṣe èwo.

Ó gbé bátìrì náà fún mi. "Fi í sínú rẹ̀," ó wí.

Mo tú ìdí tọ́ọ̀ṣì náà. Bátìrì kan ló wà nínú rẹ̀ níbi tó yẹ kí méjì wà. Mo fi èkejì sí i, mo tẹ̀ ẹ́. Ó tàn nínú oòrùn. Bàbá wò ó títí mo fi pa á.

"Ta ló wà níwájú ìbọn náà," ó béèrè, "nígbà tí o ń ṣe é?"

Mo wo ilẹ̀. Mo fẹ́ sọ pé kò sí ẹnikẹ́ni. Irọ́ yẹn ni mo ṣe tán láti pa.

"Èmi ni, Bàbá," ìyàwó mi wí.

Bàbá fi ẹsẹ̀ ti ìbọn náà sí ọ̀dọ̀ mi nílẹ̀. Ó ní kí n bá òun gbé e fún àwọn ọlọ́pàá, pé òun ń lọ mú ìwé àṣẹ rẹ̀ wá nínú Bíbélì. Ó dìde. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ na sí ibi tí ìbọn máa ń wà, kò bá nǹkan kan níbẹ̀, ọwọ́ náà sì ń wá a kiri. Ìyàwó mi sáré bọ́ sábẹ́ rẹ̀, ó fi èjìká gbà á. Bàbá gbé ara lé e, wọ́n jọ ń wọlé lọ ní ìṣísẹ̀-ìṣísẹ̀.

Ẹ̀yìn wọn ni mo ń wò láti ibi tí mo kúnlẹ̀ sí. Èjìká ìyàwó mi ń mì. Mo rí i, mi ò sì rí ohun tí mo lè fi há a.